Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn aláṣẹ òkun ò tíì gbọ́

Gbogbo wa la mọ bó ṣe lọ. Àwọn Houthi, ìyẹn àwọn ajagun kan ní Yemen, ń yìnbọn lu ọkọ̀ l'Òkun Pupa, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun bíi Maersk àti MSC ní àwọn ò gba ibẹ̀ mọ́, ni Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá kó ọkọ̀ ogun lọ síbẹ̀ ní December 2023. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọkọ̀ ogun o. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé títí dòní, kálukú àwọn aláṣẹ òkun ṣì ń tọ́jú èbúté tiẹ̀ bí ẹni pé kò sí òmíì láyé, wọ́n ń gbẹ́ ẹ jìn sí i, wọ́n ń ra kréènì, wọ́n ń ka tọ́ọ̀nù.

Iye tọ́ọ̀nù kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Àwọ̀n ni gbogbo ọ̀nà òkun, èbúté ni kókó ẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ni okùn. Ẹ mú èbúté méjì èyíkéyìí, kí ẹ wo ibi tí ọ̀nà tó yá jù láàrin wọn ń gbà, ibi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá ti ń kọjá jù ni ọrùn gbogbo ẹ̀. Suez, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì tó já sí Òkun Pupa, ò gbé ẹrù pamọ́ fún ẹnì kankan, ọ̀nà lásán ni, àmọ́ bíi 12% òwò àgbáyé ló ń gba ibẹ̀ kọjá kí wàhálà yìí tó dé. A ti sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ ńlá Ever Given dábùú ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà ní March 2021, wọ́n kọ etí ikún sí i.

Ẹ wá wo Singapore. Kò sẹ́ni tó yìnbọn lù ú, ó jìnnà sí Yemen dáadáa, síbẹ̀ ní May àti June 2024 ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ níwájú ẹ̀, wọ́n ń dúró kí ààyè tó yọ. Ọkọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ ti yí gúúsù Áfríkà po, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ pẹ́, ó wá dé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Torí pé ó ti pẹ́, kò fẹ́ yà sí èbúté kéékèèké mọ́, ó da gbogbo kọ̀ntéínà sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ̀ míì wá kó o, ó sáré lọ. Kọ̀ntéínà wá kún ilẹ̀ fọ́fọ́. Ìbọn dún l'Òkun Pupa, Singapore ló ń fara gbá a.

Láàárín wàhálà yìí kan náà lọ̀dá mú ọ̀nà omi Panama, adágún Gatun tó ń fún un lómi fà, ọkọ̀ tó ń kọjá lóòjọ́ já láti bíi 36 sí 22 ní December 2023. Àwọn kan tiẹ̀ ti yí sí Suez nítorí Panama, ni Suez náà bá dojú rú. Ta ló ní ibi kan ṣoṣo ló máa ń dí lẹ́ẹ̀kan?

Kí wọ́n má sì sọ fún wa pé kò sí dátà, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ti fi dandan lé e kí ọkọ̀ ńlá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíì máa tan AIS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ kan ti fi ìrìn ọkọ̀ 16,363 láàrin ọdún kan ya àwọ̀n yìí síta fún gbogbo ayé rí. Ọdún mélòó ni wọ́n tún fẹ́?

Ohun tá à ń béèrè ò le. Kí wọ́n ti àwọn ọ̀nà omi tóóró bíi Suez, Malacca, Hormuz, Gibraltar àti Panama pa lórí kọ̀ǹpútà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ní méjìméjì, kí wọ́n wo èbúté tó máa kún, kí wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde kí wọ́n tó yá kọ́bọ̀ míì gbẹ́ èbúté kankan. Tí wọ́n bá ti ṣe é, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan, kí wọ́n kúkú sọ dúrọ́ọ̀ tó wà fún wa.