Orin Wà Nínú Ìwé, Ta Ni Yóò Lù Ú?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sórí ìwé ní yunifásítì lóde òní kò nílò ẹnikẹ́ni kó tó gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yóò ṣí MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ orin, ọ̀fẹ́ sì ni, yóò to àmì orin sórí ìlà márùn-ún, yóò tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà kì í mí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí fèrè fa ohùn kan fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, kọ̀ǹpútà á fà á. (Láàárín èèyàn, àwọn bí alágàítà tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọ́jú afẹ́fẹ́ ló lè dán an wò.) Akẹ́kọ̀ọ́ á gba máàkì, á gboyè, kò sì ní mọ̀ pé ohun tí òun kọ kò ṣeé fọn.

Èrò tiwa ni pé kí yunifásítì tó wà ní Kwara má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní oyè lórí iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ti lu orin rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, kó di òfin. Kí àwọn onílù Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìgbómìnà sì wà lára àwọn tí yóò lù ú, pẹ̀lú owó oṣù.

Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Bí onílù ti ń fi ọwọ́ òsì fún ọsán, tó ń fi kòǹgó lu awọ, ohùn rẹ̀ kì í gun òkè ní ìpele-ìpele bíi ti dùùrù. Ó ń yọ̀ lọ ni. Ìlà márùn-ún tí àwọn ará Yúróòpù ń lò kò ní ààyè tó rọrùn fún irú ohùn bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fa ìlà láti àmì kan sí èkejì, kó fi ibi tí yíyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ hàn, àti bí yóò ṣe yá tó. Bó bá ṣì í kọ, oríkì tó fẹ́ kí ìlù kì á di ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí Yorùbá ni ìlù yìí ń sọ. Onílù á ti mọ̀ kíá: “Ọ̀gá, kò ṣeé lù báyìí o.” Kọ̀ǹpútà kò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Akin Euba (1935–2020), ọmọ Yorùbá tó ń kọ orin sórí ìwé, kò fojú kéré àwọn onílù. Orí ìlù dùndún ló ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé ní yunifásítì tó wà ní Legon, ní Gánà. Ní Họ́ngárì, Béla Bartók àti Zoltán Kodály, tí àwọn náà ń kọ orin sórí ìwé, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ abúlé ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kọ orin àwọn ará oko sílẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ ara wọn. A ò gbọ́ pé wọ́n ní kí àwọn ará oko kọ́kọ́ mú sàtífíkéètì wá. Nílé níbí, orin dàdàkúàdà ti Odòlayé Àrẹ̀mú, gbajúmọ̀ olórin Ìlọrin, wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tó bá fẹ́ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lè ṣe é lónìí.

Àwọn kan á ní NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó yunifásítì, ló ń pàṣẹ ohun tí wọ́n ń kọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC fúnra rẹ̀ gbé jáde, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló mú. Ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka Performing Arts ti Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí orin, ijó àti eré orí ìtàgé ti ń gbé pọ̀, lè fi èyí sínú ìdá 30 tirẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ Àbújá.

Ti àwọn alfa tí kò fara mọ́ ìlù, a gbọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ti owó ló kù. Owó oṣù onílù mẹ́rin fún ọdún kan kò lè tó owó jíìpù kan. KWASU, ìyẹn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malété, jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Kí gómìnà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀: onílù ìyáàlù kan, gúdúgúdú kan, kẹríkẹrì kan, àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.