Yorùbá tí kò lẹ́nu tó ń sọ ọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, kí ẹni tó máa bínú bínú. Bí àwọn ọmọ ṣe ń sá fún iṣẹ́ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́, a ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru Gẹ̀ẹ́sì, a ti di í ru àwọn òbí, a ti di í ru tẹlifíṣọ̀n. Ó yẹ kó kan àwa olùkọ́ náà. À ń kọ́ èdè yìí bí ẹni pé kò sí èèyàn tó ń sọ ọ́. Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7, aránmúpè 5, kọ́ńsónáǹtì 18, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, àrokọ onílẹ́tà. Ọmọ á há gbogbo rẹ̀ sórí, á gba máàkì tó pọ̀, ó wá kù kó dé iwájú ìyá àgbà rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ẹnu á wọ̀ ọ́.

Ẹ̀ka kan wà nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó jẹ́ pé ohun tó ń wádìí ni: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá a sọ, níbo, kí ló fà á? Àjọṣe èdè àti àwùjọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ̀ èdè láwùjọ ("sociolinguistics" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é). Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti jókòó gba kọ́ọ̀sì yẹn, nítorí ìdánwò la ṣe gbà á, tí a bá ti jáde, ó di ìgbàgbé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, Dell Hymes, kọ ọ́ ní 1972 pé gírámà nìkan kò tó ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí òun panu mọ́, kó mọ ohun tí wọ́n ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. (Ìyá àgbà èyíkéyìí ládùúgbò wa ì bá ti sọ èyí fún un láìgba kọ́bọ̀.)

Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà ní Peckham ní London tàbí Houston ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí kan ń gbìyànjú níbẹ̀ gan-an ni, wọ́n ń sọ Yorùbá sí ọmọ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí Yorùbá tó ń wọ etí ọmọ náà: "Dìde." "Wá jẹun." "Ṣé o ti fọ ẹnu?" "Gbé e síbẹ̀." "Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀!" Yorùbá tí àgbà ń bá ọmọdé sọ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá àti ìyá ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ará ilé, kò sí ọmọ aládùúgbò tó ń wọlé wá kí àgbà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá la ẹnu, ohun tó ń gbọ́ náà ló máa sọ: "Mọ́mì, o ti dé?" Ẹ̀gbọ́n bàbá tó wá kí wọn láti Ìbàdàn á wojú ìyá ọmọ, á ní ẹ ò mà kọ́ ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n kọ́ ọ. Ohun tí kò rí ni ibi tí yóò ti gbọ́ bí ọmọdé ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn, kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ó ti gbọ́ "ẹ" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́nu ọmọ tó ń kiri ọjà, lẹ́nu ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Etí rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Kí wá ni kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń sanwó fún lókè òkun ń kọ́ ọmọ yẹn? Ení, èjì, ẹ̀ta. Pupa, funfun, dúdú. Orúkọ ẹranko mẹ́wàá, tí márùn-ún nínú wọn kò sí ní London. N kò ní kí wọ́n má kọ́ wọn ní òǹkà o. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rí ọmọ mìíràn tó ń kí àgbà. Kí wọ́n fi fóònù pe ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, kí àbúrò máa gbọ́. Kí bàbá máa fi "ẹ" dá ìyá lóhùn níwájú ọmọ, bó tilẹ̀ máa pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín. Òṣù díẹ̀ irú èyí á ṣe ju ìwé alárànbarà mẹ́ta lọ.

Òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ní ìṣòro òdìkejì. "Ẹ" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un kó má bàa rí ẹni fín, ó wá ń fi "ẹ" pe ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Èyí tó ń dùn mí jù wà nílé níbí. Ọmọ Èkìtì ni mí. Nínú ẹ̀ka-èdè tiwa, àti ti Oǹdó pẹ̀lú, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ (irú "ẹ" yẹn) pe ẹnì kan ṣoṣo nítorí pé ó jẹ́ àgbà. Ẹnì kan ni bàbá, ẹnì kan náà ni wọn yóò pè é. Ọ̀wọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí orúnkún fi kàn, ó wà nínú ohùn tí a rẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú pé o kò pe orúkọ àgbà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti abúlé dé sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èkó, tó sọ̀rọ̀ sí olùkọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ sí bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀, kó ká ọwọ́ sókè. Ìwà ìgbéraga ni wọ́n kà á sí. Kíláàsì á rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn á pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì ni òun yóò máa sọ, torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní "o" àti "ẹ" tó máa kó bá òun. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ju ọmọ kan lọ.

Ìwé tí a fi ń kọ́ wọn náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìbéèrè ìdánwò kan wà tí gbogbo wa mọ̀: fáwẹ̀lì àìránmúpè wo ni kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá? Ìdáhùn ni "u". Ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó jókòó síbẹ̀, inú ulé ló ti jí wá, usu ló jẹ kó tó jáde. Òfin náà tọ̀nà fún Yorùbá àjùmọ̀lò, èyí tí gbogbo wa fi ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mélòó ló ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn kún un, pé ti àjùmọ̀lò ni? Ẹ bi ará Ọ̀wọ̀ léèrè orúkọ ìlú rẹ̀, kó pè é fún yín bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, Ọ̀ghọ̀ lẹ ó gbọ́. Kò sí lẹ́tà fún ohùn yẹn nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì. Àwọn ará Ìbàdàn pàápàá, tí àwọn èèyàn rò pé ẹnu wọn ló bá ìwé mu jù, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ṣàngó: "Sàngó" ni.

Yorùbá àjùmọ̀lò kò já bọ́ láti ọ̀run. Èèyàn ló kó o jọ, a sì mọ ibi tí wọ́n ti kó o jọ. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, wà ní Freetown ní Sierra Leone láàárín àwọn Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn tí ìyà kan náà jẹ. Ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tó kọ jáde ní 1843. Lẹ́yìn náà ni àwọn ajíhìnrere tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, Henry Townsend sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn níbẹ̀ ní 1859. Ní 1875 wọ́n pe ìpàdé ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1974, ìjọba tún àkọtọ́ náà ṣe. Ọ̀yọ́ ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ti Èkó wà níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì sọdá ẹnubodè dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ɔ ni ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ ń kọ síbi tí tiwa ti ń kọ ọ. Èdè kan náà ni.

N kò sọ èyí láti fi tẹ́ àjùmọ̀lò o. Mo nílò rẹ̀. Òun ni mo fi ń kọ nǹkan tí ẹ ń kà yìí, tí ará Ṣakí àti ará Ìjẹ̀bú-Òde fi lè kà á láìbéèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó jẹ́ aṣọ òde. Bí o bá fẹ́ wọ aṣọ òde fún ọmọ, o kò ní kọ́kọ́ na ọmọ náà nítorí aṣọ tó wọ̀ nílé.

Wọ́n ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù rí. Ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí adúláwọ̀ kan pe ilé ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́ torí pé wọ́n ń ka àwọn ọmọ wọn kún ọ̀dẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ nílé ló yàtọ̀ sí ti ìwé. Àwọn onímọ̀ bíi Geneva Smitherman àti William Labov wá jẹ́rìí pé Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ náà ń sọ ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́. Ní 1979, Adájọ́ Charles Joiner dá wọn láre. Kò ní kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì ilé kọ́ wọn. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni kí àwọn olùkọ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì ilé yẹn dunjú, kí wọ́n lè fi mú ọmọ dé ibi kíkà ìwé. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn gan-an. Bí ọmọ Èkìtì kan bá pe ilé ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́ lórí "ulé" lọ́la, mo ti ṣe tán láti jẹ́rìí.

Ẹ wá sọ pé àmúlùmálà ńkọ́? Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀ nínú àrokọ. Ṣùgbọ́n kí a tó pariwo, ẹ wo ọmọ tó ní, "Mọ́mì, mo ti brush." Kò sí ọmọ Èkó kan tó máa yí i padà, kó ní "I have fọ." Yorùbá ló di gbólóhùn náà mú, "mo" wà níwájú, "ti" wà láàyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló yá sí àárín. Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́ gírámà Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ wá, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kò gbọ́ Yorùbá, torí ó lè gbà yín gbọ́.

Ní ti ìjọba, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní wọ́n ti fagi lé e, ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti lò ó lọ́nà tó yẹ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn? Nígbà tí Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n kọ ìwé, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì gbẹ́yìn. Ti 2022 kò rí ìpèsè bẹ́ẹ̀ rárá níbi tí mo wà. Àti pé nínú kíláàsì kan ní Ajégúnlẹ̀, tí ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ìjọ̀ àti ọmọ Ìgbò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, èdè abínibí ta ni? Ẹni tó mọ èdè láwùjọ ni ì bá kọ́kọ́ béèrè ìyẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ohun tí agbára mi ká ni kíláàsì mi. Pẹ́nì méjì ni mo fi ń máàkì àrokọ báyìí. Èyí tó jẹ́ àṣìṣe, tí kò sí ìlú Yorùbá kankan tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ń fi pupa fà á. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè ilé ọmọ náà, búlúù ni mo fi ń yí i ká, màá kọ ti àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá ní kó sọ fún kíláàsì bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú wọn. Àwọn tó ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń nawọ́ jù báyìí. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mò ń ba ọmọ jẹ́, pé WAEC kò ní pẹ́nì búlúù. Òótọ́ ló sọ, wọn kò ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ti àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.