Ère orí kọ́fà yẹn, wọn ò bọ ọ́ o, wọ́n ń jà á lólè ni

Tó o bá gbé ìwé géèmù Dungeons & Dragons jáde ní Èkó yìí, kó o tó la ẹnu wọ́n ti ní ẹgbẹ́ òkùnkùn lò ń ṣe. Kọ́fà nìkan ni wọ́n sì rí o, wọn ò tíì ṣí i.

Mo rí ìwé òfin géèmù náà kan rà, Players Handbook ti 1978, tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó, mo gbé e lé itan nínú dánfó láti Yaba lọ Ọ̀báléndé, àfi bí màmá tó jókòó tì mí ṣe sún sẹ́yìn fìrì: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ọmọ mi, òrìṣà ta lo gbé dání yìí?" Kọ̀ndọ́ náà na ọrùn wá wò ó.

Mi ò bá wọn jà. Ère ńlá oníwo ló wà níwájú ìwé yẹn lóòótọ́, ó burẹ́wà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa jàre, ta ló kúnlẹ̀ níbẹ̀? Kò sí! Olè méjì ti gun ère yẹn lórí, wọ́n ń yọ òkúta iyebíye tó jẹ́ ojú ẹ̀. Nísàlẹ̀, òkú àwọn ẹ̀dá bí alángbá sùn sílẹ̀, ẹnì kan ń nu idà ẹ̀, àwọn kan ń wo máàpù. David Trampier tó yà á ò tiẹ̀ ya ìjà, ìjà ti parí, ẹrù ni wọ́n ń kó. Ìdí tá a fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, torí bá a ṣe ń ṣe géèmù yẹn gan-an nìyẹn, kì í ṣe bíi lúdò, ẹnu la fi ń ṣe é, ẹnì kan ń sọ ìtàn, ẹ̀yin tó kù ń sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 á sọ bóyá ó bọ́ sí i, ilẹ̀ á ṣú, ẹ ṣì ń jiyàn lórí bẹ́ ẹ ṣe máa pín owó.

Dẹ́mọ̀n wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní parọ́, ọ̀tá ni. Àwọn òbí ní Amẹ́ríkà pariwo ẹ̀ débi pé nígbà tí wọ́n tún géèmù náà ṣe lọ́dún 1989, wọ́n kó wọn kúrò, nígbà tó yá wọ́n tún kó wọn padà, wọ́n ń pè wọ́n ní tanar'ri àti baatezu. Ọ̀bọ yẹn náà ni, ẹ̀wù ló pààrọ̀.

Ṣebí àwa náà la máa ń ra fíìmù Yorùbá ní Ìdúmọ̀tà, tí iná ń jáde lójú àjẹ́ lórí pósítà, ta ló ní àwa tá a rà á ti di àjẹ́? Ó sì máa ń tó Part 2 kí wọ́n tó mú un.

Mo fi ọwọ́ tọ́ka sáwọn olè méjì yẹn fún màmá. "Mà, ẹ wò ó, ojú ẹ̀ ni wọ́n ń jí." Wọ́n mú gíláàsì wọn wọ̀, wọ́n wò ó títí a fi kúrò lórí Third Mainland.

"Òkúta yẹn," wọ́n ní, "èló ni wọ́n wá tà á?"