Kì í ṣe gbogbo yìnyín ló tutù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òtútù nìkan ló lè mú omi dì, àti pé kò sí yìnyín tó lè gbóná. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá, nítorí pé nínú fíríìjì, ooru àti òtútù nìkan ni à ń rí tó ń yí padà; agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ omi kì í yí padà débi tí a ó fi fura sí i. Síbẹ̀, èrò náà kò tọ̀nà.

Ní 1912, Percy Bridgman, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí omi tí ó fún pọ̀ gidigidi. Bí ìfúnpọ̀ náà bá ti tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ti afẹ́fẹ́ àyíká wa, omi tí kò tutù ju inú yàrá lọ yóò dì gbagidi, yóò sì di èyí tí wọ́n ń pè ní yìnyín kẹfà, ọ̀kan nínú oríṣiríṣi yìnyín tí àwọn onímọ̀ fi nọ́ńbà dá mọ̀. Ìfúnpọ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó jìn jù lọ láyé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ kò fi dì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà yẹ ní fífara balẹ̀ wò. Nínú yìnyín tí a mọ̀, mólékù omi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ omi tó kéré jù lọ, di mẹ́rin mìíràn mú, àlàfo sì wà láàárín wọn. Nítorí náà ni yìnyín fi ń gba àyè ju omi lọ, tí ó sì ń léfòó. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ yọ́ ni, kódà ní digiri 20 sísàlẹ̀ òdo, torí pé omi kò gba àyè tó o. Ṣùgbọ́n bí a kò bá dáwọ́ dúró, àwọn mólékù náà yóò tò lọ́nà mìíràn tí kò fi àlàfo púpọ̀ sílẹ̀, yìnyín tuntun náà yóò sì rì sínú omi. Ní ti yìnyín keje, tó ń fẹ́ ìfúnpọ̀ tó ju ìlọ́po 20,000 lọ, ìtò méjì ló wọnú ara wọn, bí àwọ̀n apẹja méjì tí a hun gba inú ara wọn kọjá láìsí kókó kan tó so wọ́n pọ̀. Yìnyín yìí lè wà ní líle ní digiri 100, ìwọ̀n ooru tí omi fi ń hó lórí iná.

Ní 2018, Oliver Tschauner, onímọ̀ nípa òkúta inú ilẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí yìnyín keje nínú àwọn dáyámọ́ǹdì tó ti inú ilẹ̀ jíjìn wá. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ooru, omi inú wọn kò tíì dì. Bí dáyámọ́ǹdì náà ti ń gòkè tí ó sì ń tutù, kò fún omi inú rẹ̀ láàyè láti gbòòrò, omi náà sì di yìnyín síbẹ̀. Bí ènìyàn bá di irú òkúta bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́, yìnyín ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní yọ́ níwọ̀n ìgbà tí dáyámọ́ǹdì náà bá ṣì fún un mọ́ra.