Wọ́n jẹ mí lówó, èmi sì ń yá owó èlé kiri

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Aránṣọ ni mí, Kabba níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé aṣọ ẹbí òkú àgbà kan wá fún mi, aṣọ èèyàn mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Mi ò lówó tí màá fi ra òwú àti síìpù. Ni mo bá fi áàpù ẹ̀yáwó orí fóònù yá ₦20,000. ₦16,400 ló wọ àkáǹtì mi. Wọ́n ti yọ ₦3,600 tiwọn kí n tó fojú kàn án. Ọjọ́ 14 péré, kí n dá ₦20,000 padà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦22 èlé lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjọ́ pé, owó ò sí. Wọ́n ní kí n san ₦3,600, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Mo san án. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo san án. ₦28,800 ti lọ, ₦20,000 ò yẹ̀ lójú kan. Kí n tó mọ̀, mo ti yá ti ibòmíì láti fi dí i, mo yá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo yá ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ti orí fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti san ẹgbẹ̀fà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ní kí o wá gba ẹgbèje, wọ́n á tún kí ọ kú oríire.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan dúró síwájú dígí, mo ń fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ búbà rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ó wò mí nínú dígí, ó wá da ojú fóònù náà dé. Kò sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí àwọn ayánilówó orí fóònù yẹn kọ sí i: pé onígbèsè ni mí. Mo ṣáà fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìyá mi àgbà máa ń sọ̀rọ̀ àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Òṣómàáló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ ló sì ń lóṣòó sí. Kì í lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà pásítọ̀ rẹ.

Òfin wà o. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ní 2023, Google náà ní áàpù ẹ̀yáwó ò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà inú fóònù ẹni mọ́. Ní 2025, FCCPC gbé òfin tuntun jáde, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦100 mílíọ̀nù. Ó dára. Ṣùgbọ́n líǹkì orí WhatsApp ni áàpù ẹlẹ́ẹ̀kẹta mi bá wọlé, kò gba ọ̀dọ̀ Google. Mo fẹjọ́ wọn sùn, mo sì tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Ìyẹn kọ́ ló yọ mí.

Lálẹ́ ọjọ́ búbà yẹn, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, mo kọ gbogbo gbèsè mi síbẹ̀: ₦20,000, ₦35,000, ₦28,000, ₦50,000. ₦133,000. Ni mo bá tún ń ṣí iwájú ìwé, níbi tí mo máa ń kọ "ó ku díẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ oníbàárà. Mẹ́sàn-án nínú àwọn aláṣọ ẹbí yẹn ò tíì san tán! Àwọn kan ti wọ aṣọ náà lọ sí òkú mẹ́ta. Àpapọ̀ ohun tí ìlú jẹ mí jẹ́ ₦71,500. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìjọ, ẹni tí a jọ dàgbà. Ojú ń tì mí láti bi wọ́n. Mò ń yá ìlú lówó lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá ń yá owó èlé láti fi dí àlàfo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí àwọn èèyàn bá ní ìnákùnáà ló ń kó wa sí gbèsè.

Mo lọ bá ìyá kan nínú èsúsú wa. Àwa mẹ́wàá ni, ₦10,000 lóṣù. Ìyá náà ló kàn láti kó owó, èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án. Mo kúnlẹ̀, mo tú u síta. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ dà látọjọ́ yìí?" Wọ́n gbà ká pààrọ̀. Mo fi ₦83,000 pa mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo pe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin pé mi ò sún ọjọ́ mọ́: kí wọ́n gba ₦17,000, kí n san ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta, ₦11,000 ₦11,000. Wọ́n pariwo, wọ́n gbà. Owó iṣẹ́ Àjíǹde àti gbèsè tí mo gbà padà ni mo fi san án tán.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní irú ìyá yẹn, mo mọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára, mo ti wọ ọ̀kan, àmọ́ ó dìgbà tí o bá ti dá owó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó yá ọ.

Owó kí aṣọ tó jáde ni ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Ní Sátidé, ọ̀rẹ́ mi kan wá mú ìró àti búbà, ó ní òun á fi owó ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Mo ní kó wá mú aṣọ ní Mọ́ńdè. Ó bínú lọ. Aṣọ náà ṣì wà lórí ìṣó, ₦6,500.