Ẹ yé di ẹ̀bi ru àwa oníṣẹ́ gíà

Ó ti sú mi. Mo ní láti sọ ọ́ síta lónìí. Iṣẹ́ gíà ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, gíà ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà. Wọ́n á wọ́ Golf GTI tàbí Honda V6 dé ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó ni ín á dúró lé mi lórí, á máa jágbe pé, "Ọ̀gá, gíà tí ẹ gbé sí i yìí ò dáa o!" Gíà wo ni ò dáa? Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú agbára ẹṣin 200, ta ló sọ ọ́ di 250 láàárín ọ̀sán kan? Ṣé èmi ni?

Àwọn tó ń gbé laptop kiri ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Wọ́n á so wáyà mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á yí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà, tọ́bò á bẹ̀rẹ̀ sí í ti atẹ́gùn wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á gbowó "stage one", ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ nínú fífi agbára kún ọkọ̀, ó parí. Wọn ò wo kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Wọn ò béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà gbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì sítì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ti já, wọn ò rí i. Kò ní pẹ́ tí ọmọkùnrin tó ni ọkọ̀ á fi gbé e lọ sójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lálẹ́, á tẹ tọ́ọ̀tù mọ́lẹ̀, gbàà! Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, torí ó jọ pé ẹ rò pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń gbé e rìn. Ẹ́ńjìnnì wà ní ìbú, gíà àti difaréǹṣà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì sì há sínú ilé irin kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè ò sí níbẹ̀ fún eyín gíà ràgàjì ràgàjì. Táyà iwájú tó ń fa ọkọ̀ náà ló tún ń yà á sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ bá tẹ tọ́ọ̀tù lójijì, ìwúwo ọkọ̀ á sún sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, táyà á máa yí lásán. Kò pẹ́, á tún di títì mú. Ìgbà tó bá di títì mú yẹn gan-an ni ìpalára wà: gbogbo agbára tó ń yí lásán á padà wá gbá ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sí táyà, á gbá orí ṣáàfù, á gbá difaréǹṣà, á gbá eyín gíà. Bẹ́ẹ̀ gíà kìíní máa ń sọ ipá ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá kó tó dé táyà. Ẹ gbé ẹrù alábàárù lé ọmọdé lórí, nígbà tó ṣubú, ẹ ní ọmọ náà ò lágbára.

Ó ní ìwọ̀n, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. DSG (gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀) onípele mẹ́fà tó wà nínú Golf 5 GTI, 350 Nm, ìwọ̀n ipá yíyí, ni wọ́n ní kó máa gbé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ ń mú 280 wá. Àlàfo àárín méjèèjì yẹn ló ń dáàbò bo gíà yín, òun náà lẹ sì ń tà lówó pọ́ọ́kú. DSG onípele méje tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í sí nínú ọ́ìlì, 250 péré ni tiẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń ta agbára lé e lórí, ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún oníbàárà!

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ò ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ford gbé Focus RS jáde ní 2009, tí agbára ẹṣin rẹ̀ tó 300 lórí táyà iwájú nìkan, wọ́n tún àwọn irin tó di táyà iwájú mú ṣe lọ́tọ̀, wọ́n mú táyà iwájú jìnnà síra ju ti Focus lásán lọ, wọ́n sì fi difaréǹṣà àkànṣe ti ilé iṣẹ́ Quaife sí i kí táyà kan má baà máa yí lásán. Honda náà fi difaréǹṣà àkànṣe sí Civic Type R ti 2017, gíà mánúà nìkan ni wọ́n sì fi sí i. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi laptop ṣe é nínú ọgbà ilé yín ní Òkè-Fìà.

Honda V6 tiyín yẹn ńkọ́? Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà torí pé gíà kejì inú ọ́tòmátíìkì wọn ń gbóná jù. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan kún nìyẹn o. Àwọn kan náà ló wọ ìlú wa ní tòkúnbọ̀. Ẹ wá ń bínú sí mi pé kò fara da eré àsáré.

Ti ọ́ìlì ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì DSG onípele mẹ́fà yìí ní gbogbo 60,000 kìlómítà, ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ sì lò. Mo máa tú u, kí n bá ọ́ìlì pupa ti ọ́tòmátíìkì nínú rẹ̀, torí òun ló wọ́n díẹ̀! Inú rédíétọ̀, omi kànga. Kí irú ọkọ̀ yẹn wà nínú họ́ldọ́ọ̀pù Ọláìyá ní ọ̀sán gangan, kí éàsì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n tún wá fi ipá lé e ní kété tí ọ̀nà bá là. Epo náà tún wà níbẹ̀: epo tí òǹkà dídára rẹ̀ (octane) jẹ́ 95 ó kéré tán ni GTI ń fẹ́, pọ́ọ̀ǹpù wa kì í sì í kọ iye tí tiwọn jẹ́. Tọ́bò tó ń fẹ́ àfẹ́jù pẹ̀lú epo tí kò dáa, písítìn ló máa bà jẹ́. Tó bá ti nọ́ọ̀kì, wọ́n á ní ẹni tó tú gíà ló fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Ìyá kan tó ń ṣòwò ní Ọjà Ọba ra gíà Belgium lẹ́ẹ̀mejì fún ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà lójú ìyá rẹ̀ pé kó lọ dá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí wọ́n yí padà yẹn sí bó ṣe wà. Ó ní òun ti gbọ́. Kò ṣe é. Gíà kejì náà fọ́, ni màmá bá ń sọ káàkiri ọjà pé jìbìtì ni mo lù wọ́n. Mo kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa, mo ṣe fíríídọ̀ọ̀mù mi níṣojú àwọn àgbà ẹgbẹ́, orúkọ mi ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó gbowó stage one wà ní ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti fi agbára kún, mi ò ní fọwọ́ kan gíà rẹ̀ mọ́ àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ dá a padà sí bó ṣe jáde, tàbí kí ẹ san owó kílọ́ọ̀ṣì tó gbé e, ṣáàfù tó nípọn àti kúlà tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, kó wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ìwọ tó ni Golf dúdú tó dí ẹnu géètì mi, ìwọ ni mò ń bá wí.