Eré Tí A Kì Í Ṣẹ́gun Ẹnikẹ́ni Nínú Rẹ̀

Àwọn géèmù kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tín-ín-rín. Wọn kì í gùn, àwọn èèyàn díẹ̀ ló sábà máa ń ṣe wọ́n, kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọ̀tá, kò sí ẹni tó ń gba ipò kìíní. Ẹni tó ń gbá wọn kò lè ṣe ju kó rìn, kó wò, kó tẹ́tí sílẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dá lé, àti ikú tó já ìfẹ́ náà gbà. Àwọn tó fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń pè wọ́n ní walking simulator, ìyẹn eré ìrìn lásán, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Èrò ọkàn mi rèé: nínú gbogbo géèmù tí mo mọ̀, àwọn wọ̀nyí ló mọ ohun tí ọ̀fọ̀ ń fojú èèyàn rí. Ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi ń kàn wọ́n jù, pé kò sí nǹkan kan tí a lè ṣe nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni òótọ́ wọn wà.

Ẹ wo bí ikú ṣe rí nínú géèmù yòókù. A kú, a jí, a tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí a dé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá á gba ẹni tó fẹ́ gbà là. Ọ̀fọ̀ kò mọ ọwọ́ yíyá. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kù lẹ́yìn, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán. Kò sí bọ́tìnì tó máa tẹ̀ tí yóò dá a padà. Ohun tó kù fún un ni kó máa káàkiri ilé, kó dúró níbi tí ẹni náà máa ń jókòó sí, kó mú aṣọ rẹ̀ dání, kó tún fi í sílẹ̀. Géèmù tó bá kó agbára lé wa lọ́wọ́ ní irú ibẹ̀ ti purọ́ fún wa.

Dear Esther ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 2008, Dan Pinchbeck, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú Half-Life 2, géèmù tí ìbọn kún inú rẹ̀. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nǹkan mìíràn pátápátá, wọ́n sì fi í síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2012, tí í ṣe ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, ni ilé iṣẹ́ The Chinese Room gbé ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde fún títà. Robert Briscoe ló tún àpáta àti ihò àti etíkun rẹ̀ ṣe, Jessica Curry ló kọ orin rẹ̀. Erékùṣù kan tí kò sẹ́ni níbẹ̀ la bá ara wa, ní Hebrides lápá ìwọ̀-oòrùn Scotland. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lórí òpó gíga lọ́ọ̀ọ́kán, ibẹ̀ là ń lọ. Bí a ti ń rìn, ohùn ọkùnrin kan ń ka lẹ́tà sí wa létí. Esther ló kọ ọ́ sí, ìyàwó rẹ̀ tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa. A kò lè sáré. A kò lè fò.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé géèmù náà kì í ka lẹ́tà kan náà fún gbogbo èèyàn. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló ní nípamọ́ fún ibi kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń kà. Ẹni méjì lè rin erékùṣù náà já kí ohun tí wọ́n gbọ́ máà bára mu. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul wà níbẹ̀ tó jọ pé òun ló wa ọkọ̀ tó ṣekú pa obìnrin náà, tó jọ pé ọtí ń pa á lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bá yá, kò ní dá wa lójú mọ́. Àwọn kan ní ìtàn náà kò yéni. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí lẹ́nu wọn: lánàá, awakọ̀ ló jẹ̀bi, lónìí, òjò ni, lọ́la, á ní òun fúnra òun ni. Kò purọ́ o. Ibi tó máa gbé ẹrù náà kà ló ń wá.

Kí Dear Esther tó dé ni Jason Rohrer, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe Passage ní 2007. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Àwòrán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, píksẹ́lì 100 ní ìbú, 16 ní gíga. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lápá òsì, obìnrin kan wà nítòsí rẹ̀. Bí a bá fara kàn án, wọ́n ti di tọkọtaya, wọn ò sì ní ya ara wọn mọ́. Láti ìgbà náà lọ, àlàfo wà tí ẹnì kan lè gbà kọjá tí ẹni méjì ò lè gbà. Àpótí ìṣúra tó wà lẹ́yìn irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ ìrìn tí wọ́n jọ ń rìn ń mú máàkì wá ní ìlọ́po méjì. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń dàgbà, ewú ń yọ. Lójijì, obìnrin náà di òkúta ibojì. Ọkùnrin náà á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ, òun nìkan, títí tí tirẹ̀ náà á fi kàn. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni sọ. Ohun tí ìfẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni àti ohun tó ń fún ni, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ibi tí èèyàn lè gbà àti ibi tí kò lè gbà. MoMA, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní New York, mú un sínú àkójọ rẹ̀ ní 2012, ó wà lára géèmù 14 àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wọlé. Ó tọ́ sí i.

The Graveyard, tí Auriea Harvey àti Michaël Samyn ṣe ní Belgium ní 2008, náà kéré. Ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn la itẹ́ òkú kọjá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orin kan kọ nípa àwọn tó ti lọ, ó dìde, ó jáde. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà, ẹ̀dà olówó sì wà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni pé nínú ẹ̀dà olówó, ìyá náà lè kú sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti rí àwọn tí inú bí sí èyí. Èmi rí i bí iṣẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ìrìn náà kì í rí bákan náà mọ́ tí a bá ti mọ̀ pé ó lè má jáde.

Àwọn mìíràn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹrù inú ilé ni wọ́n ń jẹ́ kó sọ ọ́, àwọn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Nínú Gone Home, tí ilé iṣẹ́ Fullbright gbé jáde ní 2013, oṣù Kẹfà ọdún 1995 la wà. Katie ti Yúróòpù dé lóru, òjò ń rọ̀, kò sẹ́nì kan nílé. Gbogbo wa là ń retí iwin. Kò sí iwin. Lẹ́tà ló wà, tíkẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì, bébà tí wọ́n ká pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, a sì rọra ń mọ̀ pé Sam, àbúrò Katie, ti kó sínú ìfẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lonnie, tí Lonnie sì fẹ́ lọ wọṣẹ́ ológun. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ á tún rí ìtàn mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí i létí: bàbá wọn tó ń kọ ìwé tí kò tà, ìyá wọn tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí ẹlòmíràn níbi iṣẹ́. Ìgbéyàwó tó ń rọra tú, inú àpótí àti pàǹtí ló wà.

What Remains of Edith Finch lọ jìnnà ju ìyẹn. Giant Sparrow ló ṣe é ní 2017, Ian Dallas ló darí rẹ̀. Edith padà sí ilé ẹbí rẹ̀ ní erékùṣù Orcas, ní ìpínlẹ̀ Washington, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Bí ẹnì kan bá ti kú nínú ilé yẹn, yàrá rẹ̀ kì í di ti ẹlòmíràn. Ìyá Edith di gbogbo ilẹ̀kùn pa. Edie, ìyá àgbà tó bí bàbá ìyá náà, lu ihò sí wọn kó lè máa yọjú wo inú. Ọ̀nà méjèèjì tí èèyàn ń gbà gbé ọ̀fọ̀ nìyẹn, lórí ilẹ̀kùn kan náà, kò sì sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá, là ń wí fún ẹni tó lọ. Nínú ilé Finch, àrìnnàkò náà ń ṣẹlẹ̀ láti yàrá dé yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Lewis, ẹ̀gbọ́n Edith. Ilé iṣẹ́ ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ wa kan ń gbé ẹja, ó ń gé orí rẹ̀, ó ń tì í lọ, ó tún ń gbé òmíràn. Ọwọ́ wa kejì ń darí ìlú tó wà nínú ọkàn Lewis, níbi tó ti ń rìn bí ọba. Ìlú náà ń gbòòrò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú ìwòran, ọwọ́ tó ń gé ẹja kò sì dúró. Nígbà tí a bá fi mọ ibi tó ń lọ, àwa fúnra wa la ti bá a rìn débẹ̀. Ìwé lè sọ fún mi pé Lewis ti rì sínú èrò; géèmù yìí mú kí èmi náà gbàgbé ẹja. Ní 2018, BAFTA, ẹgbẹ́ tó ń fún fíìmù àti géèmù ní ẹ̀bùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní àmì ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù, kò sì yà mí lẹ́nu.

Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe géèmù wọ̀nyí rò. Ìyàwó tó kú ti pọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí a mọ̀ nípa obìnrin náà ju pé ó ti kú, ọkọ rẹ̀ ló sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Dear Esther tí mo ń yìn yìí náà kò bọ́ níbẹ̀: mo mọ ìrora ọkùnrin náà, mi ò mọ Esther. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọyì Firewatch, tí Campo Santo ṣe ní 2016, bó tilẹ̀ gùn ju àwọn tó kù lọ. Julia kò kú. Àrùn ìgbàgbé ló kọlù ú nígbà tí kò tíì dàgbà, Henry ọkọ rẹ̀ sì sá lọ ṣọ́ iná nínú igbó Wyoming ní 1989. Gbogbo ìrìn tó ń rìn nínú igbó yẹn, sísá ló ń sá, àwa tí à ń rìn ín sì mọ̀. Ẹni tó wà láàyè tí kò mọ̀ wá mọ́, ta ló ń báni dárò ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gùn tó ńkọ́? Láti 2015, Steam, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù, ń dá owó padà fún ẹni tó bá béèrè láàárín ọjọ́ 14 tó ra géèmù, bí kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Òfin tó dára ni fún ẹni tí géèmù kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn eré yìí ti parí kí wákàtí 2 tó pé. Èèyàn lè gbá a tán, kó sunkún, kó sì gba owó rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kúkúrú wọn kì í ṣe àléébù. Tí wọ́n bá fa Dear Esther gùn di wákàtí mẹ́wàá, ìbànújẹ́ rẹ̀ á di iṣẹ́ tí à ń ṣe.

That Dragon, Cancer kì í ṣe ìrìn nìkan, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ryan àti Amy Green bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Joel ọmọ wọn wà láàyè tí jẹjẹrẹ ń bá a jà. Ó kú ní 2014, ọmọ ọdún márùn-ún, géèmù náà sì jáde ní oṣù Kìíní 2016. Alẹ́ kan wà níbẹ̀ ní ọsibítù tí ọmọ náà ń ké. Àwa la wà nípò bàbá. A gbé e, a rẹ̀ ẹ́, a fún un ní ohun mímu, ẹkún rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Níbí, nǹkan wà tí a lè ṣe, kò sì sí èyí tó ràn án. Ẹni tó ń béèrè pé kí wọ́n fi iṣẹ́ púpọ̀ kún géèmù ọ̀fọ̀, kó lọ gbá ibẹ̀ yẹn.

Ẹni tí kò gbá irú rẹ̀ rí, kó fi Passage bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà kó mú Gone Home, lóru, kó má ṣe kánjú, kó ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀. Edith Finch, ìjókòó kan ni kó fi gbá a. Bó bá jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́ láìpẹ́ yìí, pàápàá ọ̀fọ̀ ọmọ, jọ̀wọ́ fi ti ìdílé Green sílẹ̀ ná. Kò sí ibi tó ń lọ.